Èmi Ni Mo Ní Kí Àlàájà Má Jí Kí Màmá Mọ́

Ìyá mi ní kí n má kọ ìtàn yìí ránṣẹ́. Ó ní ẹni tó bá tú ìdí ara rẹ̀ síta, aráyé ò ní bá a bò ó. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi.

Kíkẹ́lọmọ ni orúkọ mi. Adó-Èkìtì ni mo ń gbé, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa so ẹ̀rọ mọ́ ilé: kámẹ́rà, ìńfátà, gílóòbù tó ń gbọ́ràn sí fóònù lẹ́nu. N kò kàwé púpọ̀. Ọwọ́ ọ̀gá kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ìyókù, mo ń wò ó lórí fóònù, mo ń bà á jẹ́, mo ń tún un ṣe, títí tó fi mọ́ mi lọ́wọ́.

Màmá Àtinúkẹ́ Adéyẹyè, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n pè mí wá ṣiṣẹ́ fún. Màmá nìkan ló ń gbé inú ilé tí ọkọ wọn fi sílẹ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Bùrọ̀dá Yẹmí wà ní Ìlú Ọba, Àǹtí Tóyìn wà ní Kánádà. Orúnkún ń yọ Màmá lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wá ní ó tó gẹ́ẹ́, ilé fúnra rẹ̀ ni yóò máa bá àwọn ṣọ́ ìyá àwọn.

Bùrọ̀dá Yẹmí ra ẹ̀rọ tirẹ̀ ránṣẹ́. Àǹtí Tóyìn náà ra tirẹ̀. Ẹnì kan ò bi ẹnì kejì. Ọmọ ìyá ni àwọn tó rà wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ náà kì í ṣe ọmọ ìyá rárá.

Kámẹ́rà ò mọ gílóòbù. Gílóòbù ò mọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ kékeré kan, róbótó bí ẹyinjú, wà tó máa ń mọ̀ bí ènìyàn bá ń rìn nínú ilé. Kì í ya fọ́tò o, ìrìn nìkan ló ń mọ̀. Ojú ni mo ń pè é. Òun náà ní ápù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú ẹrù Kánádà tiẹ̀ wà, bí mo ṣe ki í bọ iná báyìí, ó hó ṣíì, ó rùn, ó kú.

Màmá ń wò mí láti orí àga wọn. "Kíkẹ́, kí lo ń sun nínú ulé mi?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀rọ yẹn ò gbà tó iná tiwa ni. Tiwa ti pọ̀ jù fún un."

"Háà! Iná tiwa tí kì í sí yìí, òun náà ló pọ̀ jù?"

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe rí. Wọ́n fàyè gba gbogbo ohun tí mo so mọ́ ògiri, àfi kámẹ́rà inú ilé. Wọ́n ní, "Ẹ ò ní máa wò mí bí adìẹ inú àgò." Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé ojú yẹn nìkan la fi sí pálọ̀.

Bùrọ̀dá Yẹmí wá fi àpótí funfun kékeré kan ránṣẹ́, tí yóò ṣe ọ̀gá fún gbogbo wọn. Ìyà jẹ mí lórí àpótí yẹn. Lónìí gbogbo wọn á gbọ́ràn. Iná á lọ, iná á dé, àwọn kan á ti gbàgbé pé àwọn mọ ara wọn rí. N óò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó gbà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti Ìlú Ọba wá yóò tan fáànù pálọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí Màmá ò lè bẹ̀rẹ̀ tan án mọ́. Bí Màmá bá jáde láti yàrá, ojú tó ti Kánádà wá yóò rí ìrìn wọn. Fóònù mi àti fóònù àwọn ọmọ méjèèjì yóò gbọ́ ọ pé Màmá ti jí. Bí ojú ò bá rí ìrìn kankan títí oòrùn fi yọ dáadáa, fèrè á ké, fóònù gbogbo wa á máa dún láìdáwọ́ dúró.

Ètò tó dára ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á rú. Ènìyàn ni.

Àlàájà Ràṣídátù ni ilé wọn kan ti Màmá. Àlàájà ń ta ike, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ ní àdúgbò Fájuyì. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà ní ìyàwó ilé ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀sìn ò pín wọn níyà. Bí Àlàájà bá ti kí ìrun àsùbáà tán, ilẹ̀kùn kíṣìnì Màmá ni ó kàn. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ tiwọn lọ́wọ́.

Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń wá ìdí tí fèrè fi ń ké lásán, mo gbọ́ wọn.

"Àtinúkẹ́! Ṣé o ò tíì kú?"

"Èmi? Èmi ni n óò sin ọ́, Ràṣí. Mo ti ra gèlè tí n óò wé."

"Gèlè wo? Èyí tí kòkòrò ti jẹ yẹn?"

Àlàájà á wá ká kọ́tìnì fèrèsé pálọ̀ sókè, wọ́n á so ó ní kókó kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Wọ́n á bi Màmá bí ẹsẹ̀ ṣe sùn, bóyá wọ́n ti lo oògùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó lọ sọ́jà.

Lójú mi, ó dùn ún wò. Lójú ẹ̀rọ, wàhálà ni. Kámẹ́rà ẹ̀yìnkùlé á rí Àlàájà nínú òkùnkùn ìdájí, gílóòbù á tàn yòò bí ọjọ́ Kérésìmesì, fèrè á bú. Bùrọ̀dá Yẹmí á fò dìde ní Ìlú Ọba.

"Kíkẹ́! Ta ló wà ní ẹ̀yìnkùlé?"

"Àlàájà ni, sà."

"Lẹ́ẹ̀kan sí i?"

"Ojoojúmọ́ ni, sà."

Mo pa fèrè ẹ̀yìnkùlé. Òmíràn yọjú. Bí Àlàájà bá ti wọ pálọ̀, ojú á rí wọn, á ní Màmá ti jí, nígbà tó jẹ́ pé Màmá ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ ò mọ ìyá kan yàtọ̀ sí ìyá kejì.

Bùrọ̀dá Yẹmí pè mí. "Kíkẹ́, ta ló jí gan-an? Ṣé Màmá ni àbí Àlàájà? Nǹkan tí kò dá wa lójú báyìí, kí ni ká fi ṣe? Wá ọgbọ́n dá sí i."

Wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ kan lé e tó gba oorun lójú mi. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Èkìtì tí àwọn jọ wà ní Ìlú Ọba, gbogbo wọn ló ní ìyá tàbí bàbá nílé. Bí ti Màmá bá dúró sán-ún, àwọn yóò fi fídíò rẹ̀ hàn wọ́n, gbogbo wọn ni yóò sì gbé ilé òbí wọn lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo rí ara mi nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi. Mo rí orúkọ mi lórí pátákó.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Bọ́tìnì kékeré wà tí mo lè fún Àlàájà, tí wọ́n á máa tẹ̀ bí wọ́n bá ń wọlé, kí ilé lè mọ̀ pé àwọn ni. Ṣùgbọ́n n kò so irú rẹ̀ rí. N óò kọ́kọ́ dúró de bọ́tìnì, n óò tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá àpótí funfun jà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ń kán mi. Mo rò ó pé ó rọrùn kí n yọ Àlàájà kúrò ju kí n fi wọ́n kún un lọ.

Ni mo bá gba Fájuyì lọ.

Mo kúnlẹ̀ kí Àlàájà láàárín ike. Inú wọn dùn sí mi. "Oníná, káàbọ̀. Ṣé o wá ra bọ́kẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó ni? Torí ó yẹ kó o ti máa rà á o."

Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. "Rárá, Mà. Ọ̀rọ̀ Màmá ni. Nítorí ẹ̀rọ tí a ṣe sílé… àwọn ọmọ wọn ní kí ẹnikẹ́ni má máa wọlé láàárọ̀ mọ́."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Tó fi dórí èmi?"

"Ẹ má bínú, Mà."

Àlàájà gbé abọ́ ọwọ́ wọn kalẹ̀. "Àtinúkẹ́ ńkọ́? Ó mọ̀ sí i?"

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni. Bí mo bá ní rárá, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, ẹ̀rín la ó fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá ní Màmá ò mọ̀, lọ́la ni Àlàájà yóò lọ bi wọ́n.

Mo ní, "Wọ́n mọ̀, Mà."

Àlàájà fa ìdì kọ́kọ́rọ́ wọn yọ. Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ kan kúrò lára èyí tó kù, wọ́n nà án sí mi. "Ẹni tó nilé ló ni kọ́kọ́rọ́. Bá mi fún un."

Mo gbà á. N kò fún Màmá. Inú àpò irinṣẹ́ mi ni mo sọ ọ́ sí.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ dúró sán-ún. Ẹ ò rí nǹkan! Àràárọ̀ ni fóònù ń sọ fún wa pé Màmá ti jí. N óò wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, n óò wo àmì àwọ̀ ewé rẹ̀, n óò kọ ọ́ sí ojú Wọ́ọ̀sáàpù tí èmi àti àwọn ọmọ méjèèjì jọ wà: "Màmá ti jí o, ẹ kú ojúmọ́." Àǹtí Tóyìn á fi ọwọ́ àdúrà dáhùn. Bùrọ̀dá Yẹmí á ní, "Kíkẹ́, o káre."

Ṣùgbọ́n Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Mo lọ pààrọ̀ gílóòbù kan, wọ́n ní, "Kíkẹ́, ṣé Ràṣí ò sí nílé ni?"

"Wọ́n wà, Mà. Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n díẹ̀."

"Ẹsẹ̀? Ẹsẹ̀ tó ń gbé e dé Fájuyì yẹn?"

Mo ṣe bí ẹni pé ṣíkírù ló bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Mo pè é lórí fóònù. Ó dún títí, kò gbé e. Bóun náà bá pè mí báyìí, kí n má gbé e, ṣé ó máa dùn mọ́ ọn?"

Nígbà tó ṣe, àwọn ẹbí Màmá gbé iṣu tuntun wá fún wọn láti Ìjan. Màmá ṣa èyí tó dára jù lọ sọ́tọ̀. "Uṣu Ìjan ni Ràṣí fẹ́ràn jù láyé. Bá mi gbé e fún un. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó o gbé e wá."

Mo gbé iṣu dé ọ̀dọ̀ Àlàájà. Wọn ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Gbé e padà."

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, Mà."

"Ẹni tí ilé rẹ̀ ò gbà mí, ọ̀fun mi ò gba iṣu rẹ̀. Gbé e padà, Oníná. Ìwọ kọ́ ni mo ń bá wí."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e padà fún Màmá? Mo gbé e lọ sílé wa. Ìyá mi sè é, ó ń yin ẹni tó fún mi. Iṣu funfun, ó ń dán. N kò jẹ ju ègé kan lọ.

Màmá bi mí pé, "Kí ni Ràṣí wí?"

"Wọ́n ní ẹ ṣé, Mà. Wọ́n ní Ọlọ́run á fi kún un."

Inú Màmá dùn. Mo tún padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì nítorí ráwútà tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún ilé, mo bá wọn tí wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n gbé àga dojú kọ ilẹ̀kùn kíṣìnì. Mo mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Ẹni tí a fún ní nǹkan lánàá, òwúrọ̀ òní ni yóò wá sọ pé ẹ ṣé àná. Ọmọdé tó bá gbàgbé rẹ̀, wọ́n á bi í pé ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ọ.

Oòrùn gun òkè. Ilẹ̀kùn ò mì.

Mo ní, "Bóyá ọjà ló kán wọn lójú, Mà."

Màmá mirí. "Ràṣí ò jẹ mí ní ẹ ṣé àná rí, láti ìgbà tí a ti mọ ara wa. Mo ti ṣẹ̀ ẹ́, Kíkẹ́. N kò kàn mọ ohun tí mo ṣe ni. Mo ti rò ó, mo ti rò ó."

Ẹnu mi là. Mo búra fún yín, ó là. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n. Fóònù mi wá dún lápò. Bùrọ̀dá Yẹmí ni: ẹgbẹ́ ti rí fídíò, wọ́n fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo pa ẹnu dé.

Ọjọ́ burúkú náà dé, kò sì jọ ọjọ́ burúkú. Bí mo ṣe jí, àmì ewé ti wà lórí fóònù. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí Wọ́ọ̀sáàpù: "Màmá ti jí o, ẹ kú ojúmọ́." Àǹtí Tóyìn fi ọwọ́ àdúrà dáhùn.

Mo tún rí i pé kámẹ́rà ẹ̀yìnkùlé ti ya nǹkan ní ìdájí. Mo ṣí i. Àlàájà Ràṣídátù ni. Wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnì pẹ̀lú ìbòrí ìrun lórí, wọ́n gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ kan ilẹ̀kùn. Ọwọ́ náà dúró lókè fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n padà.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o. Mo ní, "Ṣé obìnrin yìí ò gbọ́ èdè ni?" Inú mi dùn pé wọ́n padà. Mo pa fídíò náà rẹ́.

Lọ́sàn-án, mo kọjá ní àdúgbò yẹn, mo ní kí n yà kí Màmá. Mo kan ilẹ̀kùn iwájú, kò sí ìdáhùn. Mo pè, kò sí. Mo wo fóònù: ìrìn wà ní pálọ̀ báyìí báyìí. Mo ní à, Màmá wà nínú ilé, bóyá wọ́n ń bínú sí mi ni. Mo tiẹ̀ jókòó sí ìta fún ìgbà díẹ̀, mo ń tẹ fóònù.

Nígbà tó pẹ́ jù, mo rántí kọ́kọ́rọ́ Àlàájà nínú àpò irinṣẹ́ mi. Mo gba kíṣìnì wọlé.

Kò sí ẹnì kankan ní pálọ̀. Fáànù ń fẹ́. Kọ́tìnì gígùn yẹn, tí ẹnikẹ́ni ò bá Màmá ká sókè mọ́, ń fò sókè, ó ń bọ́ sílẹ̀, ó ń fò sókè. Oòrùn ti mú un gbóná. Bó bá ti fò kọjá níwájú ojú tó wà lára ògiri, iná pupa kékeré á ṣẹ́jú, fóònù ọwọ́ mi á gbọ̀n: ìrìn wà ní pálọ̀.

Ó yé mi lórí ìdúró. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ń tan fáànù. Fáànù ń fẹ́ kọ́tìnì. Ojú ń rí kọ́tìnì, ó ń ní Màmá ni. Ẹ̀rọ Ìlú Ọba àti ẹ̀rọ Kánádà ti gbọ́ ara wọn yé, kò sí ìkankan tó ṣàṣìṣe, ènìyàn ò sì sí láàárín wọn. Láti ọjọ́ tí Àlàájà ti dá ẹsẹ̀ dúró, bóyá fáànù ló ń jí fún wa láràárọ̀.

Màmá wà nílẹ̀ nínú yàrá, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ti kú. Ẹnu wọn ti yí. Ojú wọn là, wọ́n ń wò mí.

"Màmá! Màmá, ẹ dákun, èmi ni, Kíkẹ́!"

Wọ́n fẹ́ sọ nǹkan. Ohùn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Mo pariwo, àwọn aládùúgbò gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Dókítà bi mí ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Ká ní ẹnì kan tètè bá wọn láàárọ̀ ni…" Kí ilẹ̀ tó mọ́, Màmá ti lọ.

Àwọn ọmọ fò wálé. Ilé kún fún àwọn tó ń bá wọn kẹ́dùn. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ń pín omi. Ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ní ikú ò gbẹ̀bẹ̀. Àǹtí Tóyìn tiẹ̀ dì mọ́ mi, wọ́n ní, "O gbìyànjú fún wa, Kíkẹ́." Ẹ wo bí ara mi ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Àlàájà dé. Wọ́n dúró lẹ́yìn géètì, wọn ò wọlé. Àǹtí Tóyìn sáré lọ bá wọn, wọ́n kúnlẹ̀.

"Àlàájà, ẹ wọlé, Mà. A ti ń retí yín. A ní kí ló dé tí a ò rí yín."

"Rárá, ọmọ mi. Ibi tí ẹ ní kí n dúró sí ni mo dúró sí."

"Ibi tí ta ni ní kí ẹ dúró sí, Mà?"

"Ibi tí ẹ̀yin ọmọ ní. Àtinúkẹ́ náà sì fọwọ́ sí i. N kò bá yín jà. Mo wá kí yín kú aráfẹ́rakù ni."

Bùrọ̀dá Yẹmí ti gbọ́, wọ́n ti dìde. "Àlàájà, ẹnu èmi ni ẹ ti gbọ́ ọ?"

"Ẹnu rẹ kọ́. Ẹ rán Oníná sí mi."

Gbogbo ojú yí sí mi. Ọrá omi tó wà lọ́wọ́ mi bọ́, ó bẹ́ sílẹ̀.

"Kíkẹ́lọmọ," Bùrọ̀dá Yẹmí ní, "a rán ọ?"

"Rárá, sà."

"Màmá rán ọ?"

"Rárá, sà. Màmá ò mọ̀."

Àlàájà di irin géètì mú. "Kí lo wí? Àtinúkẹ́ ò mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀, Mà. Wọ́n ń bi mí léèrè yín. Wọ́n rò pé ẹ̀ ń bínú sí àwọn."

"Iṣu ńkọ́?"

"Mo ní ẹ gbà á, Mà."

Lẹ́yìn náà ni Àlàájà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ara wọn ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

"Mo ti ibi ìrun dé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo gbọ́ nǹkan tó wó gbì nínú ilé. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo gbé ọwọ́ sókè kí n kàn án. Mo wá ní, Ràṣídátù, wọ́n lé ọ, o tún fẹ́ lọ tẹ́ lójú ọmọdé? Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Mo lọ sọ́jà. Mo tajà lọ́jọ́ náà o. Mo tajà."

Àǹtí Tóyìn jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bùrọ̀dá Yẹmí ò gbá mi létí. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Àlàájà ló ń bá wa tọ́jú Màmá kí ẹ̀rọ tó dé. A ra ẹ̀rọ kí Àlàájà lè rí olùrànlọ́wọ́ ni. Ta ló ní kó o fi rọ́pò wọn?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ti fáànù, ti kọ́tìnì, ti fídíò tí mo pa rẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ní kí n wá tú gbogbo ohun tí mo so. Mo tú u níkọ̀ọ̀kan. Ihò ìṣó kún ara ògiri Màmá.

Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ yìí, nítorí òun nìkan ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè mí sí ilé arúgbó nísinsìnyí, kí n tó tú ẹrù, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n: ta ló máa ń wá kí yín? Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ, òun ni n óò kọ́kọ́ lọ rí, kí n mọ ibi tó ń gbà wọlé, kí ẹ̀rọ lè yà fún un. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, tí ẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé, ẹ bá mi béèrè bẹ́ẹ̀. Kí ẹ béèrè lẹ́nu òbí yín fúnra yín, ẹ má rán irú mi.

Mo ti lọ bẹ Àlàájà. Mo lọ ní ọ̀sán gangan, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin láàárín ike níwájú gbogbo ọjà, mo ń sunkún. Àlàájà ń to abọ́ léra wọn. Wọn ò dáwọ́ dúró.

"Mo ti dárí jì ọ́," ni wọ́n wí. "Ọlọ́run ló ní ká dárí jini. Mo ti ṣe é."

"Ẹ ṣé, Mà. Ẹ ṣé gan-an, Mà."

"Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi sọ fún Àtinúkẹ́ pé n kò bá a jà?"

Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀. Àlàájà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú wọn, wọ́n gbé abọ́ mìíràn.

"Dìde níbẹ̀, ọmọ yìí. Oníbàárà ń bọ̀."